Ta Ló Fi Iyọ̀ Sí I?

Wọ́n ní àìfọkànsíṣẹ́ ló ba búrẹ́dì àwọn jẹ́. Irọ́ ni. Ògiri ló bà á jẹ́, ojú mi ló sì ṣe nígbà tí bíríkìlà ń mọ ògiri náà. Èmi tí mo jáde ní yunifásítì ni mò ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá lẹ́bàá ààrò, nítorí pé kò sí ẹni tó fún mi ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló bá mi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni rò fún mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Nílé, Màmá là ń pè é. Ní ilé búrẹ́dì, Àǹtí Eléruku ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé ìyẹ̀fun kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀, bó ti wù kó wẹ̀ tó. Ó ti ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ní ẹni tó bá ń bá ìyẹ̀fun jìjàkadì láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kò tún lágbára àtibá ọkùnrin jà nílé. Apá rẹ̀ le bí ọmọ odó. Bó bá gbá ọ mọ́ra, wàá mọ̀ pé wọ́n gbá ọ mọ́ra lóòótọ́. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló sì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà gbogbo: bí ìwúkàrà ṣe jí lónìí, bí omi ṣe tutù jù, bí ẹni báyìí ṣe kánjú. A kò gbọ́ ìròyìn mìíràn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ilé búrẹ́dì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọn kì í da iyọ̀ sí ìyẹ̀fun pa pọ̀ mọ́ omi àti ìwúkàrà. Wọ́n á kọ́kọ́ pò ó, wọ́n á fi aṣọ bò ó, wọ́n á jẹ́ kó sinmi nínú ọpọ́n ńlá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó fi iyọ̀ sí i, tí wọ́n á sì tún un pò. Bàbá tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ó gbà pé ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì àwọn fi ń rọ̀ tí kì í sì í tètè gan. Ewu kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ọpọ́n kan máa ń wà lábẹ́ aṣọ nígbà tí àwọn ará àárọ̀ bá ń lọ sílé tí àwọn ará ọ̀sán sì ń dé. Nígbà mìíràn àwọn ará àárọ̀ á ti fi iyọ̀ sí i kí wọ́n tó lọ, nígbà mìíràn wọn ò ní tíì fi sí i. Ìyẹ̀fun tó ti gba iyọ̀ àti èyí tí kò tíì gbà á, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Funfun ni funfun.

Bẹ́ńṣì ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bẹ́ńṣì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n náà, igi líle, tí ìdí àwọn èèyàn ti jókòó lé títí ó fi ń dán. Àwọn ará àárọ̀ á jókòó síbẹ̀ láti bọ́ bàtà iṣẹ́, àwọn ará ọ̀sán á jókòó síbẹ̀ láti wọ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi á já ìyẹ̀fun bíńtín nínú ọpọ́n, á fi lé Ìyá Ìbejì lọ́wọ́, obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun ọ̀sán. Ìyẹn á jù ú sẹ́nu, á dijú bí ẹni tó ń ronú.

"Ẹ ò tíì fi sí i, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò tíì fi sí i. Ìwọ ni wàá fi sí i. Má wá jókòó síbí máa ro ti ọkọ ẹ kó o gbàgbé."

"Ọkọ wo? Ọkọ tí ò mọ̀ ju ọ̀nà ìkòkò lọ!"

Bàbá Oníná, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ààrò, á lọgun láti ẹ̀yìn: "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ ó jẹ ìyẹ̀fun yẹn tán nínú ọpọ́n kó tó dọ́dọ̀ mi!"

"Bàbá, ẹ máa kó iná yín jẹ!"

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi òfin gbé e kalẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é ní iṣẹ́. Àwọn fúnra wọn rò pé àwàdà làwọn ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe máa gbèjà rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ pé.

Bàbá tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ kú, ọkọ ọmọ rẹ̀ sì di mánéjà. Mi ò ní sọ pé ó burú. Ẹni burúkú a máa mọ ohun tó ń bà jẹ́. Eléyìí ò mọ nǹkan kan. Ó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí àwọn tí kò po ìyẹ̀fun rí ti kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń darí àwọn tó ń pò ó. Nígbà tó dé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ní àsìkò tí àárọ̀ àti ọ̀sán ń pàdé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wo bẹ́ńṣì. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò, ìjókòó nìkan ló máa rí.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyí?" ló béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi dáhùn. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ń yìn wọ́n ni.

"Ẹ wá síbi iṣẹ́, ẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó wá kí ẹbí."

Bíríkìlà dé. Ògiri búlọ́ọ̀kù gùn láti ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó pín yàrá kan tó láfẹ́fẹ́ sí ihò méjì; ọpọ́n nìkan ló kù lẹ́nu ògiri náà, tí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè tó. Àwọn ará àárọ̀ á máa gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde; agogo á dún, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kúrò kí àwọn ará ọ̀sán tó gba iwájú wọlé. Àárọ̀ àti ọ̀sán kò ní í fojú kanra mọ́. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì lọ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Sára ògiri tuntun, ní ibi tí bẹ́ńṣì wà tẹ́lẹ̀ gan-an, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: Ọ̀RỌ̀ DÍẸ̀, IṢẸ́ PÚPỌ̀.

Bàbá Oníná dúró, ó ka ọ̀rọ̀ náà, ó mi orí. "Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀," ló wí. "Èyí yàtọ̀. Aláǹgbá fúnra rẹ̀ ló mọ ògiri yìí."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn sì ni ìjà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni bá ògiri náà jà.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìdí nìyẹn tí ó fi ń bí mi nínú ju kí wọ́n gbá mi létí lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò jókòó mọ́, torí kò síbi ìjókòó. Ó ń jẹun ní ìdúró, ẹ̀yìn rẹ̀ ń kan ògiri, ojú rẹ̀ ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Láìpẹ́, ó ń jẹun bẹ́ẹ̀ nílé náà. A á gbé àga fún un, á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, mo ti jẹun tán," nígbà tí òkèlè ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri, Ìyá Ìbejì ra àgádágodo, ó fi ti asẹ́ rẹ̀ mọ́ inú àpótí. Asẹ́ tí wọ́n ti jọ ń lò láti ọdún gbọ́ọ̀rọ̀! Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbọ́, òun náà sì lọ tọ́jú ọṣẹ tirẹ̀ pa mọ́. Ẹni tí kò bá rí ẹnì kejì rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa ro ibi sí i.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Wọ́n á bú àgùntàn, wọ́n á bú ajá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó so àwọn méjèèjì mọ́ igi kan náà.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, agogo dún nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ da aṣọ bo ọpọ́n. Kò tíì fi iyọ̀ sí i. Ó gbà pé Ìyá Ìbejì ni yóò fi sí i, òun sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde sínú òjò. Ìyá Ìbejì gba iwájú wọlé, ó rí i pé wọ́n ti bo ọpọ́n náà dáadáa, ó ní ẹ̀gbọ́n ti parí ẹ̀ nìyẹn. Búrẹ́dì ọjọ́ náà wú kọjá ẹnu agolo, ó sì fọn wálẹ̀ bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún. Ẹ bù ú sẹ́nu, ẹ ó rò pé páálí lẹ̀ ń jẹ. Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀, tí wọ́n ń rà á lọ́pọ̀, dá gbogbo rẹ̀ padà.

Mánéjà pe àwọn méjèèjì. "Ta ló yẹ kó fi iyọ̀ sí i?"

"Òun ni," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí.

"Mo rò pé ẹ̀gbọ́n ti fi sí i ni," ni Ìyá Ìbejì wí.

"Ẹ gbọ́ o. Bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ọ̀kan nínú yín ń lọ sílé. Mi ò fẹ́ mọ bẹ́ẹ̀ ló rí, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí."

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo ní kí wọ́n so àkísà pupa kan mọ́ etí ọpọ́n tó bá ti gba iyọ̀, ó tán. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, lọ máa di búrẹ́dì ẹ."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi dúró ti ògiri ilé ìdáná, kò lè jẹun. Wọ́n ò ní gba obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀ síbi iṣẹ́ mìíràn, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ́ mọ́. Ìyá arúgbó kan tó ń jókòó sí yàrá àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò dà.

"Ògiri yẹn ló ń ṣe wá," ló wí lójijì. "Òun ló ń ṣe wá, mo ń sọ fún ẹ. Bí mo bá lè rí ojú Ìyá Ìbejì ni, mi ò ní ṣàṣìṣe."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn fún mi. Ó mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

"Kí ló dé tí ẹ ò tọ́ ọ wò?" ni mo bi í. "Bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Ó wò mí bí ẹni tí mo bá sọ èdè òkèèrè. "Tọ́ ọ wò? Nígbà wo? Níbo?"

Kì í ṣe àwíjàre. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé. Ìtọ́wò yẹn ò gbé orí rẹ̀ rí, orí bẹ́ńṣì ló ń gbé, ibi tí wọ́n sì gbé bẹ́ńṣì lọ ló bá a lọ.

Ìbẹ̀rù ló po ìyẹ̀fun tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò fẹ́ kí wọ́n tún sọ pé iyọ̀ kò sí, ó fi iyọ̀ sí i kó tó jáde. Ìyá Ìbejì ò fẹ́ kí wọ́n tún sọ pé iyọ̀ kò sí, ó fi iyọ̀ sí i nígbà tó wọlé. Búrẹ́dì náà kò wú rárá. Ó jókòó sínú agolo bí òkúta odò, iyọ̀ inú rẹ̀ sì tó pa ìgbín inú igbó kan tán. Bàbá Oníná fi ọ̀pá fa agolo àkọ́kọ́ jáde, ó bù ú wò, ó tutọ́ rẹ̀ sínú iná. Kò ṣẹ̀fẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Mánéjà kó gbogbo wa jọ sí àgbàlá, àárọ̀ àti ọ̀sán, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti mọ ògiri. Ó fi agolo búrẹ́dì náà sórí agbá epo kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó dúró tì í bí ọlọ́pàá tó mú ẹrù olè.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí ìka kan bá rà nínú ọwọ́, kí la máa ń ṣe fún un?"

"A máa ń fi oògùn sí i ni, ọ̀gá," ni ẹnì kan fọhùn láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín bú yọ díẹ̀, ó sì kú.

Bàbá Oníná bọ́ síwájú. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, mo ti darúgbó, ẹ ò lè lé mi ju bí ikú ṣe ń lé mi lọ. Ògiri yẹn ni. Ẹ wó o, kí ẹ gbé bẹ́ńṣì àwọn obìnrin yìí padà fún wọn. Ẹ ò ní gbọ́ ẹjọ́ iyọ̀ mọ́."

Àwọn èèyàn kùn. Mo rí i tí orí ń mì níbí, tí orí ń mì lọ́hùn-ún.

"Ṣé ògiri ló wá ń da iyọ̀ sí búrẹ́dì?" ni mánéjà wí. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, ìyẹn ló burú jù. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ pẹ́ jù níbí. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbà. Ṣé ògiri ni, àbí èèyàn?"

Ìyá Ìbejì ń wo ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Kò tiẹ̀ fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá a lójú.

"Èèyàn ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí.

"Èèyàn wo?"

"Èmi ti fi tèmi sí i. Ẹni tó dé lẹ́yìn mi ló yẹ kó wò ó dáadáa kó tó tún fi sí i."

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ìyá Ìbejì wí. Ó tú okùn épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé orí agbá epo náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, ó sì gba géètì jáde, lójú gbogbo wa.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Mo lè fi gbogbo ẹnu sọ pé yàrá ló ń kọ́ èèyàn níwà, pé ẹni tó bá pín yàrá ti pín ọkàn àwọn tó wà nínú rẹ̀. Mo gbà á, màá sì sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni. Ìyẹ̀fun tó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ọrùn mánéjà ló wà, kì í ṣe ọrùn àwọn obìnrin náà. Ṣùgbọ́n inú àgbàlá kọ́ ni ògiri wà. Nínú àgbàlá, ojú ọ̀run ló wà lókè wọn, wọ́n dúró kojú ara wọn, àgbàlagbà kan sì ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì yan ìkejì. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Mímọ̀ ọ́n kò ní kí n dárí jì í.

Mánéjà ní kó máa po ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán títí wọ́n á fi rí ẹlòmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iyọ̀ kò sì ṣìnà mọ́. Mánéjà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò wá. Á fi ọwọ́ lu ògiri náà pẹ́pẹ́, bí ẹni ń lu màlúù tó sanra lẹ́yìn, á ní, "Láti ìgbà tí a ti mọ èyí, iṣẹ́ wa ti dúró." Ẹ̀gbọ́n ìyá mi á wà níbẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì nínú ọpọ́n títí dé ìgúnpá, á máa pò ó, á máa pò ó.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó ní kí n sin òun lọ sílé Ìyá Ìbejì. Ó gbé búrẹ́dì ńlá méjì dání. A bá obìnrin náà níbi tó ti ń fọ aṣọ nínú ọgbà. Àwọn ìbejì rẹ̀ sáré jáde, wọ́n ń pariwo "Màmá Búrẹ́dì! Màmá Búrẹ́dì!" Ìyá wọn ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n dúró, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó ní kí wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì wọlé.

"Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí.

Ìyá Ìbejì ń fún aṣọ lọ́wọ́.

"Ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi èmi tàbí ìwọ. Ògiri yẹn ló fa gbogbo ẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti mọ ọ́n ni…"

"Ògiri?"

"Òun ni, mo fi Ọlọ́run búra."

Ìyá Ìbejì gbọn aṣọ náà yàà, ó ta á sórí okùn, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀ kó tó yíjú. "Ó dáa. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́? Wọ́n bi ọ́. Lójú mi ni wọ́n ti bi ọ́, wọ́n tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ọ. Ògiri ò lẹ́nu. Ìwọ lo lẹ́nu."

Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀. A dúró síbẹ̀ títí tí ìdúró náà fi di ẹ̀gàn, a sì jáde pẹ̀lú búrẹ́dì méjì náà.

A ti rìn jìnnà kí Màmá tó sọ̀rọ̀. "O gbọ́ ọ?" ló wí. Omi wà lójú rẹ̀. "Ó ní ìwọ. Èmi! Látọjọ́ tá a ti mọra, ẹ̀yin ló ń pè mí. Ó wo ojú mi, ó ní ìwọ."

Ohun tó ń dùn ún nìyẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni tó bọ́, kì í ṣe àwọn ọmọ méjì tí wọ́n lé wọlé. Ìwọ.

"Màmá," ni mo wí, "bó bá jẹ́ èmi ni, ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mi ò bá pè yín."

Ó gbé búrẹ́dì náà láti apá kan sí ìkejì, ó ń lọ níwájú mi, ó ń yára bí ẹni tí agogo ti dún fún. Ní ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dìde, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Èmi ò bá a lọ.